Àtúnṣe: Oyè yunifásítì nìkan kì í sọ ènìyàn di lọ́yà

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàrin àwọn òbí ní Yábàá àti Ṣómólú pé ọmọ tó bá ti gboyè ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó ti di lọ́yà, pé ó lè gba ẹjọ́ oníbàárà rò ní kóòtù lọ́jọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó gba ìdánwò JAMB wọlé ń lo ọdún 5, ẹni tó gba direct entry (ìyẹn ẹni tó ti ní ìwé-ẹ̀rí bíi A-Level tẹ́lẹ̀) ń lo ọdún 4. Oyè LL.B fi hàn pé ó kọ́ òfin, ṣùgbọ́n kò fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ó ku Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ẹni tó ti gboyè òfin ní iṣẹ́ agbẹjọ́rò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1962, tí olú-ilé rẹ̀ ti wà ní Bwari, ní Àbújá, báyìí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ka rẹ̀ kan ṣì wà ní Victoria Island. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yege ìdánwò ìkẹyìn níbẹ̀, Body of Benchers, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òfin, tó tún máa ń wo ìwà rẹ̀ (ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí), ni yóò gbà á sínú iṣẹ́ náà, kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn lọ́yà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ.

Kí àwọn òbí máa ki ọmọ wọn ní “Lọ́yà wa” níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kò burú, ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá pe ara rẹ̀ ní agbẹjọ́rò fún oníbàárà kí àkókò rẹ̀ tó tó, ó ti rú òfin.