Ẹ yé bá mi fi ilé Ìkòròdú wọn mọ́tò mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ èyí kúrò nínú mi torí láti òde àríyá tá a lọ ní Sátidé tó kọjá níbí ní Houston ló ti ń ká mi lára. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo fẹ́ tún mọ́tò àtijọ́ tó wà ní gáréèjì mi ṣe, èló ni mo fẹ́ ná lé e lórí. Mo ní n ò ní jẹ́ kó kọjá 25,000 dọ́là. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ bi mí pé irú mọ́tò wo ni, kí n tó pajú dé wọ́n ti ṣẹ́ ẹ sí náírà, wọ́n ní ká ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,500, ó ti lé ní mílíọ̀nù 37, "ṣé o mọ ohun tíyẹn máa ṣe lórí ilẹ̀ ní Ìkòròdú?" Làwọn tó jókòó nítòsí bá ń mi orí, ẹlòmíì ní oyìnbó ti wọ̀ mí lára. Mi ò fèsì, torí àgbà ni wọ́n, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ojú ewé tèmi rèé, ẹ jẹ́ n fèsì.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, mo ti kọ́lé. Mo kọ́ ọ kí n tó ronú kan mọ́tò. Owó iléèwé tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé ò dáwọ́ dúró rí. Ṣebí gbogbo wa la jọ ń ra aṣọ ẹbí níbí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í bá wa ṣẹ́ owó léèsì sí náírà, pé èyí tá a rà fún ọjọ́ ìbí lágbájá tá ò ní wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, yàrá mélòó ló máa gbé dìde ní Ìkòròdú? Owó tá a ń ná mọ́ olórin lórí ńkọ́? Ìgbà tó bá kan nǹkan kan ṣoṣo tí èèyàn fẹ́ràn, tó fẹ́ máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ni gbogbo ayé á di oníṣirò. Ó dùn mí. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, ó dùn mí.

Mọ́tò náà rèé. Chevelle Malibu ti iléeṣẹ́ Chevrolet ni, ọdún 1969, onílẹ̀kùn méjì. Bàbá tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa ló ni ín, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, wọ́n rà á ní tuntun lọ́dún tí wọ́n dé láti ogun Vietnam, òun ni wọ́n fi ń lọ wo màmá, ìyàwó wọn, nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, òun ni wọ́n fi gbé àkọ́bí wọn wálé láti ọsibítù. Nígbà tí mo kó dé àdúgbò yìí tí mi ò mọ ẹnì kankan, bàbá ló kọ́kọ́ wá kí mi, ìdí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yẹn la sì ti máa ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú kábúrétọ̀ tí wọ́n sì ń dá a padà. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, màmá pè mí, wọ́n ní àwọn ọmọ fẹ́ tà á fún ẹni tó máa tú u tà ní ẹyọ ẹyọ, pé àwọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n wá mú un. Owó tí màmá gbà lọ́wọ́ mi, kò ṣeé pè lówó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́tò mọ ìgbà tí mò ń sọ, ìgbà àwọn mọ́tò alágbára tí wọ́n ń pè ní muscle car. Iléeṣẹ́ Pontiac gbé mọ́tò GTO jáde ní 1964, làwọn yòókù náà bá ń ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú mọ́tò tí ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, Ford, Plymouth, Dodge, Chevrolet, títí owó ìnṣọ́ránsì àti òfin èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lọ́rùn, epo wá wọ́n lójijì ní 1973, ó parí. Nínú Chevelle, SS (Super Sport) lèyí tó gbayì jù, ẹ́ńjìnnì 396 ló wà nínú ẹ̀ (nọ́ńbà yẹn ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), ní 1969 nìkan wọ́n ṣe ju 86,000 lọ. Ti bàbá kì í ṣe SS. V8 307, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tó kéré sí ti SS, ló wà níbẹ̀, agbára ẹṣin 200, gíà Powerglide onípele méjì, bíréèkì dírọ́ọ̀mù ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ́tò òṣìṣẹ́ ni.

Ibi tí inú ti wá bí mi ju ti ẹ̀gbọ́n lọ nìyí. Mo gbé mọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé mọ́tò àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀ rọra yí i po, ó ń fi ìka lu ara ẹ̀ níbí lọ́hùn-ún, ó wọ ọ́fíìsì, ó tẹ ìwé kan jáde fún mi: 68,000 dọ́là, ó sì lè lé. Mo sọ fún un pé Malibu tó mọ́ kedere pàápàá, tí kì í ṣe SS, mi ò rí i kí wọ́n máa tà á ní iye yẹn. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń bọ̀ wá bá, pé ká sọ ọ́ di SS. Ká yọ ẹ́ńjìnnì bàbá, ká gbé 396 sí i, ká lẹ àmì SS mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn, gbogbo ohun tá a nílò wà nínú kátálọ́ọ̀gì ní tuntun, owó mi á padà wọlé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀. Chevelle SS ti 1968, nọ́ńbà ṣáásí ẹ̀ fi 138 bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ purọ́ á wá ibòmíì lọ. Àmọ́ nígbà tó di 1969 wọ́n sọ SS di ohun tí oníbàárà máa fowó lé owó mọ́tò rà, nǹkan bíi 350 dọ́là nígbà yẹn, nọ́ńbà ò wá fi ìyàtọ̀ hàn mọ́, 136 ni Malibu V8, 136 náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn SS. Tí ìwé tó bá mọ́tò jáde nílé iṣẹ́ bá ti sọnù, ẹni tí ojú ẹ̀ ò dá gan-an máa rà á bẹ́ẹ̀. Torí náà gbogbo SS 1969 tó wà nílẹ̀ lónìí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe jáde.

Bàbá ò ní 350 dọ́là yẹn ní 1969. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n wo SS, wọ́n wo owó ọwọ́ wọn, wọ́n ra èyí tí agbára wọn ká, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Èmi á wá lọ lẹ àmì tí wọn ò rà mọ́ ọn, torí kí n lè rówó gbà lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tà á? Rárá o. Àwọn kan á ní tí mo bá ti sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé àfarawé ni, kò sírọ́ níbẹ̀. Ó dáa, ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ńkọ́, tóun náà bá fẹ́ tà á? Ẹni tó tún rà á lọ́wọ́ ìyẹn ńkọ́?

Ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò sọ pé owó iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún mi pọ̀ jù. Iṣẹ́ yẹn wọ́n lóòótọ́. Wákàtí kan lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ lè lé ní 100 dọ́là níbí, tẹ́ ẹ bá sì ní kí wọ́n tú mọ́tò palẹ̀ pátápátá, kí wọ́n gbé bọ́dì kúrò lórí ṣáásí, kí wọ́n ha gbogbo ọ̀dà títí dórí irin, kí wọ́n gé ibi tó dípẹtà kí wọ́n sì wẹ́ẹ̀dì tuntun síbẹ̀, kí wọ́n wá tún gbogbo ẹ̀ tò, ẹgbẹ̀rún wákàtí ò jìnnà rárá. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń tún un ṣe torí àtità sábà máa ń wọ gbèsè, àfi tó bá jẹ́ irú èyí tí ò sí nílẹ̀, bíi Hemi 'Cuda 1971 ti Plymouth tí òrùlé ẹ̀ ń ká, tí wọ́n ṣe 11 péré.

Ohun tí mo ń bá jà ni pé ẹni tí ò fẹ́ tà á kò gbọ́dọ̀ máa fi owó títà díwọ̀n ohun tó máa ná. Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú àti ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: èló ló máa padà wọlé? Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ máa fi mọ́tò náà ṣe. Mo fẹ́ fi gbé màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ jókòó nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ fi gbé àwọn ọmọ mi lọ sí Galveston létí òkun kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún lójú ọ̀nà. Ó tán.

Tó bá jẹ́ pé dídán lẹ tiẹ̀ ń wá, ẹ rántí Mustang 1968 tí Steve McQueen, òṣèré Amẹ́ríkà, wà nínú fíìmù Bullitt. Ìdílé kan rà á ní 6,000 dọ́là ní 1974, ìyàwó ilé ń fi lọ síbi iṣẹ́, nígbà tó bàjẹ́ wọ́n gbé e pa mọ́. Ní January 2020 wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Kissimmee, Florida, 3.74 mílíọ̀nù dọ́là, tòun ti ọ̀dà tó ti ṣá àti ìpẹtà ara ẹ̀. Mo mọ̀ pé òkìkí fíìmù ló gbé e débẹ̀, mi ò fi wé tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè máa sọ fún mi pé mọ́tò tí ò bá ti ń dán kò níyì.

Nínú ìwé tí ṣọ́ọ̀bù fún mi, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó yẹn tó jẹ́ ti kíkùn àti króòmù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n tún etí fèrèsé ọwọ́ dírẹ́bà ṣe. Ibẹ̀ yẹn, ibi tí ìgbọ̀nwọ́ bàbá máa ń wà ni. Ọ̀dà ti bó níbẹ̀ títí irin fi yọ, irin náà wá ń kọ mànà bí ẹni pé wọ́n dìídì nù ún. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibẹ̀.

Táyà ńkọ́? Ọ̀gá yẹn ò kọ táyà sínú ìwé, ó ní ó ṣì dáa. Eyín táyà ga lóòótọ́, èmi bẹ̀rẹ̀ mo fi tọ́ọ̀ṣì wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: 2304. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2004 nìyẹn. Táyà tó ti lé ní ogún ọdún lẹ fẹ́ kí n fi gbé opó àgbàlagbà lórí òpópónà I-45? Róbà tó ń gbé epo wá sí ẹ́ńjìnnì ti le gbagidi, ethanol, irú ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo ìsinsìnyí, sì máa ń jẹ irú róbà àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni iná ti máa ń sọ. Ibi tí mọ́tò ti lè pa èèyàn ni kówó kọ́kọ́ lọ. Bíréèkì iwájú á di dísìkì, táyà tuntun, ọ̀nà epo tuntun, ríwáyà á yẹ gbogbo wáyà wò, irin ilẹ̀ mọ́tò níbi tó ti lu. Látìgbà tí Texas ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ ilé ní January 2025, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wo bíréèkì kó o tó bọ́ sójú títì, ọwọ́ ẹ ló kù sí. Kíkùn á gbẹ̀yìn, tówó bá ṣẹ́kù. 25,000 náà á gbé gbogbo èyí, mo ti ṣírò ẹ̀ dáadáa.

Àfi ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ n sùn. Nígbà ìjì Harvey, August 2017, omi wọ gáréèjì bàbá. Wọ́n fọ ara mọ́tò, wọ́n yọ síìtì sá a sóòrùn, àmọ́ inú ṣáásí dà bíi páìpù, ẹrẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde, inú ló ti máa ń jẹ irin wá síta. Lọ́jọ́ kan mo wọ abẹ́ ẹ̀, mo fi òòfà sí páńẹ́lì ẹ̀yìn, ó já bọ́, bọ́dífílà ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Mo wá fi sukurudíráífà ti ṣáásí níbi tó ti gbé ẹ̀yìn sókè lókè ásùlù, ó wọlé ṣọ́ṣọ́. Apá kejì, mo tì í, ó kọ̀, ó le. N ò wá mọ̀ bóyá ojú kan péré ni tàbí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ojú kan, wẹ́dà á lẹ̀ ẹ́, ó tán. Tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀yìn, ṣáásí míì la máa wá, bọ́dì sì gbọ́dọ̀ gbéra kúrò lórí ẹ̀, tí bọ́dì bá sì ti gbéra, gbogbo ohun tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn kọ ló bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé 25,000. Ohun tí ìyàwó mi mọ̀ nìyẹn, òun náà sì fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá wá ní 40,000 ńkọ́? Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún màmá pé mo fẹ́ tà á, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ wo ojú ìyàwó mi. Gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe látòkè yìí, tí wọ́n bá gé ṣáásí yẹn tí wọ́n rí ohun tí mi ò fẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì máa dúró.

Wẹ́dà kan ní òun á wá gé ibẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ ṣáásí Chevelle tàbí ti Cutlass (mọ́tò Oldsmobile) ìgbà yẹn rí níbí ní Texas, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ san gan-an títí tó fi tún rìn, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fi sílẹ̀ láàárín méjì, ẹ sọ ìyẹn náà, mo fẹ́ mọ ibi tówó dé kẹ́ ẹ tó dúró.