Láfẹ́ńdà ò lè tún họ́mónù yín ṣe o

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó ní ká máa kán òróró láfẹ́ńdà, òdòdó olóòórùn dídùn kan, sí ìdodo lálaalẹ́ kí họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń darí iṣẹ́ ẹ̀, lè wà bó ṣe yẹ, ká sì ju oògùn PCOS, àìsàn họ́mónù tó máa ń da nǹkan oṣù obìnrin rú, dànù, irọ́ gbáà nìyẹn. Họ́mónù wo gan-an? Ínsúlínì tó ń darí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni àbí ti tàìrọ́ọ̀dù inú ọrùn, àbí ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin? Òórùn láfẹ́ńdà lè mára tuni kéèyàn sùn dáadáa, mi ò bá a jà níbẹ̀. Àmọ́ ní 2007, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine pé ọmọkùnrin mẹ́ta tí ò tíì bàlágà ṣàdédé ń yọ ọmú; ọṣẹ, ìpara àti ṣampú tó ní láfẹ́ńdà, ti ẹnì kan tiẹ̀ ní òróró igi tea tree mọ́ ọn, ni wọ́n ń lò, ìgbà tí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀ lọmú ọ̀hún fà padà. Àwọn onímọ̀ míì ti jiyàn ẹ̀ o, torí ọmọ mẹ́ta kéré láti fi dájọ́, ṣùgbọ́n ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ wá ń pè ní àtúnṣe? Tea tree yẹn, ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ gbé e mì, májèlé ni. Tí nǹkan oṣù yín bá ń ṣe ségesège, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra ìgò míì, metformin, ìyẹn oògùn PCOS tí dókítà kọ fún yín, ẹ máa lò ó lọ jàre.