Ìwé Àkọsílẹ̀ Kò Sọ Ibi Tí Àgbọ̀nrín Oníwo Ńlá Wà Lónìí

Tí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ, tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fún ìwé àṣẹ ọdẹ ní ìpínlẹ̀ Colorado sì ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwa tí a ń dẹ̀gbẹ́ níhìn-ín máa ń gbọ́: níbo ni ènìyàn lè lọ tí yóò ti rí akọ àgbọ̀nrín elétí ìbaaka, tí Òyìnbó ń pè ní mule deer, tí ìwo rẹ̀ tóbi gidi? Ìdáhùn tí ó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn ni pé kí a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ Boone and Crockett, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn ẹran tí ìwo wọn tóbi jù tí ọdẹ pa sí, kí a wo kàúńtì (ẹ̀ka ìpínlẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí a sì kọrí síbẹ̀. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tí ó ń fi owó àti ọdún rẹ̀ sin ìgbàgbọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé náà jẹ́. Ọdún 1887 ni Theodore Roosevelt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọn ìwo ni pé wọ́n á fi tépù wọn gígùn rẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe nípọn tó, àti àyè tí ó wà láàrin ọ̀tún àti òsì, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní íǹṣì, wọ́n á sì yọ ìyàtọ̀ tó bá wà láàrin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò. Àgbọ̀nrín elétí ìbaaka tí ìwo rẹ̀ yọ bí ó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ tó 190 kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àgbà. Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú irú bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ 226 àti ààbọ̀, ọdún 1972 ni ọdẹ kan pa á ní kàúńtì Dolores ní Colorado. Nínú àwọn tí ìwo wọn yọ ẹ̀ka síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀gá gbogbo wọn lé ní 355, ọdún 1926 ni wọ́n sì pa á ní Alberta ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Ẹ tún ọdún méjèèjì wò dáadáa. Ọmọ ọmọ àgbọ̀nrín ọdún 1972 pàápàá ti kú tipẹ́.

Kàúńtì Eagle ní Colorado wà lára àwọn tí orúkọ wọn pọ̀ jù nínú ìwé náà, ibẹ̀ sì ni mo fi gbogbo póìǹtì (àmì tí ìjọba ń fún ẹni tí kò rí ìwé àṣẹ gbà lọ́dún kan, kí ó lè tètè rí i gbà lọ́jọ́ iwájú) tí mo ti tọ́jú fún ọdún mélòó kan lé. Lọ́dún 1962 ni ibi ìṣeré orí yìnyín Vail ṣí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òpópónà I-70 gba inú àfonífojì odò Eagle kọjá, àwọn olùgbé kàúńtì náà tí wọn kò tó 8,000 lọ́dún 1970 sì ti lé ní 55,000 nígbà tí wọ́n ka ènìyàn lọ́dún 2020. Ohun tí àwọn tó ń ka orúkọ nínú ìwé kì í rò ni pé àgbọ̀nrín kì í gbé orí òkè gíga nígbà òtútù. Yìnyín á lé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá àfonífojì, sí ojú òkè tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń tètè yọ́ yìnyín, tí igi kékeré olóòórùn tí wọ́n ń pè ní sagebrush sì wà fún un láti jẹ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ ènìyàn fẹ́ràn láti kọ́lé sí.

Mo rántí òwúrọ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá tí mo jókòó sí góńgó òkè kan níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí mo gbé awò awọ̀nà-jíjìn lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó rí ẹranko kankan, iná ilé ni mo kọ́kọ́ rí, ó tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ òkè bí ọjà alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí abo mẹ́rin nínú ọgbà ilé kan, wọ́n ń já ewé igi ẹ̀ṣọ́ jẹ, akọ kan sì dúró ní ẹ̀bá fẹ́ǹsì. Ìwo rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka ọwọ́, ẹ̀ka méjì péré ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wà níbẹ̀, n kò sì rí akọ tí ó jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ni ìwé náà ń kà gan-an. Òkú ẹran ló ń kà, kì í ka alààyè. Kàúńtì tí ó fẹ̀, tí ọdẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, kò ní ṣàì ní orúkọ púpọ̀ nínú ìwé, pàápàá ní Colorado tí ó jẹ́ pé ọdún 1999 ni ìjọba tó fi òǹkà sí gbogbo ìwé àṣẹ ọdẹ àgbọ̀nrín. Bákan náà, kò pọn dandan kí ẹni tó pa ẹran ńlá mú un lọ fún wíwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìwo ńlá ló wà lára ògiri ilé lónìí tí kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó tilẹ̀ wúwo ju ìyẹn lọ. Àgbọ̀nrín elétí ìbaaka kì í dúró sójú kan. Lọ́dún 2014 ni olùṣèwádìí kan tí ń jẹ́ Hall Sawyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní Wyoming, pé àwọn àgbọ̀nrín kan ń rin nǹkan bíi máìlì 150 láti Red Desert títí dé Hoback, tí wọ́n sì ń padà gba ojú ọ̀nà kan náà lọ́dọọdún. Abo kan tí wọ́n ń pè ní 255 nítorí nọ́ńbà ẹ̀rọ atọpa tí wọ́n fi sí i lọ́rùn rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dé Idaho. Inú ìgbà ìrúwé àti ìgbà ooru ni ìwo ń hù, tí awọ múlọ́múlọ́ ṣì bò ó. Ìgbà tí oṣù Kẹsàn-án bá dé ni akọ á fi í gún igi títí awọ náà á fi bọ́. Nítorí náà, akọ tí ọdẹ pa nínú oṣù Kọkànlá lè jẹ́ èyí tí ó hu ìwo rẹ̀ ní kàúńtì mìíràn tí ó jìnnà réré. Ibi tí ó kú sí ni ìwé kọ sílẹ̀; ibi tí ó ti jẹun di ńlá kò sí nínú rẹ̀.

Kí ni ó wá ń sọ ìwo di ńlá? Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́. Àgbọ̀nrín tí a mọ̀ ní ilé kì í bọ́ ìwo rẹ̀, ìwo kan náà ló ń gbé títí ó fi kú. Ti Amẹ́ríkà yìí ń jábọ́ lọ́dọọdún nígbà òtútù, tuntun a sì hù. Ìwo tuntun náà máa ń tóbi sí i títí akọ fi wà láàrin nǹkan bí ọdún 5 sí 8. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa akọ kí ó tó pé ọdún 3, kò sí bí ilẹ̀ náà ṣe lè lórúkọ tó, ìwo ńlá kò ní sí níbẹ̀. Oúnjẹ ni ó tẹ̀ lé e. Ara ni akọ kọ́kọ́ ń fi oúnjẹ tún ṣe lẹ́yìn ebi ìgbà òtútù, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ó ń lọ sí ìwo. Bí ara ìyá ṣe rí nígbà tí ó lóyún pàápàá ń hàn lára ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn ẹkùn ọdẹ bíi Arizona Strip àti Henry Mountains ti Utah lórúkọ láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ṣì ń mú ìwo ńlá jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún ọdẹ níbẹ̀ kéré gan-an, ènìyàn lè fi ogún ọdún ṣẹ́ kèké kí ó má mú un, èyí sì ni ó jẹ́ kí akọ dàgbà níbẹ̀. Kí a má sì rò pé ibi tí ẹran pọ̀ sí ni ìwo ńlá wà, nítorí aṣálẹ̀ Sonora ní Mẹ́síkò, tí ènìyàn lè fi odidi ọjọ́ rìn kí ó má rí ju ẹran méjì lọ, wà lára ibi tí ọdẹ ti ń rí ìwo tó tóbi jù.

Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni mo ń wá báyìí. Lẹ́yìn àkókò ọdẹ, àwọn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ máa ń fi hẹlikópítà ka iye akọ tó kù fún 100 abo, ẹnikẹ́ni ló sì lè ka àbọ̀ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ó bá jẹ́ 15 àti ibi tí ó bá lé ní 35 kò lè jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tún máa ń wò ó bóyá àwọn akọ ọdún kan ni wọ́n fi kún iye náà. Mo ń ka ìtàn yìnyín pẹ̀lú. Ìgbà òtútù 2022 sí 2023 le ní ìwọ̀-oòrùn Wyoming débi pé ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán, èyí tó túmọ̀ sí pé akọ ọdún 5 máa ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ lọ́dún 2027, kí ìwé àkọsílẹ̀ máa wí tirẹ̀. Iná igbó náà ṣe pàtàkì: tí ó bá jó orí òkè tí omi wà, ewé tútù á hù fún àgbọ̀nrín; tí ó bá jó sagebrush ìsàlẹ̀, koríko burúkú tí wọ́n ń pè ní cheatgrass ló sábà máa ń gba ilẹ̀ náà.

Akọ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ, inú ẹkùn kan tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ni mo ti pa á, póìǹtì kan ṣoṣo ni mo sì fi gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Mo yọ ehín iwájú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń là á, tí wọ́n sì ń ka ìlà inú gbòǹgbò rẹ̀ bí ẹni ń ka ìlà inú igi. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé ọdún 7 ni.