Àwọn Adájọ́ Òòyì

Àwọn èèyàn kan wà láyé òde òní tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra òòyì, tí òòyì náà bá sì ti kọ́ wọn tán, wọn a jókòó dájọ́ rẹ̀: ṣé ó kọ́ni tó, àbí ó kọ́ni jù, àbí èyí tó kọ́ wọn ní ọgbà mìíràn lọ́dún tó kọjá ló tún sàn jù ú lọ. Àwọn olólùfẹ́ roller coaster ni mò ń wí, ọkọ̀ ìdárayá tó ń gun òkè, tó tún ń já wálẹ̀ lójijì lórí irin nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá ìlú òyìnbó. Ẹ má ṣe rò pé ọmọdé ni wọ́n o. Àgbàlagbà tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ni wọ́n, ewú sì ti wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti ọdún 1978 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ American Coaster Enthusiasts, àwọn ọgbà mìíràn sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba aráàlú wọlé, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa lè gun ọkọ̀ ní àgunyó láìsí ọmọ ẹlòmíràn tí yóò dí wọn lọ́wọ́.

Kò sí ìgbà tí ẹnu wọn ń yá bí ìgbà tí ọgbà kan bá gbé ọkọ̀ tuntun tó ń pòòyì jáde. Ẹ jẹ́ ká mú Time Traveler, èyí tí ọgbà Silver Dollar City ní ìlú Branson, ìpínlẹ̀ Missouri, ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Mílíọ̀nù 26 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Ilé iṣẹ́ Mack Rides ti ilẹ̀ Jámánì ló ṣe é, àwọn tí ìdílé wọn ti ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù láti ọdún 1780, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé a lè ja tíkẹ́ẹ̀tì fún ìbẹ̀rù. Lókè ni ibùdó tí èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ náà wà, nítorí náà kò sí ìgòkè jẹ́jẹ́ tó máa ń fún èèyàn láyè láti ronú pìwà dà: bí wọ́n bá ti kúrò níbùdó báyìí, irin náà dorí kọ ilẹ̀ lóòró gangan. Lẹ́yìn èyí ni agbára òòfà yóò ta wọ́n síwájú lẹ́ẹ̀mejì, tí wọn yóò dorí kodò lẹ́ẹ̀mẹta, lórí eré tó tó máìlì 50.3 ní wákàtí kan, tí ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́rin, níbi tí àwọn méjì ti kẹ̀yìn sí àwọn méjì, yóò sì máa pòòyì pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá jẹun yó kó tó gùn ún, òun àti ikùn rẹ̀ ni yóò jọ yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti máa ń jáde tipẹ́tipẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó gbéra, nítorí àwọn adájọ́ wa kì í dúró de ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ti rí àwòrán ihò tí katakata gbẹ́ sẹ́yìn ọgbà, wọ́n ti mọ ibi tí irin yóò gbà. Bí wọ́n bá rí ègé irin lórí ọkọ̀ àjàgbé lójú títì, wọ́n á wo bó ṣe tẹ̀, wọ́n á sì kéde pé ibi ìdorí-kodò kejì nìyí. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kun ún lọ́dà tán, ẹnì kan ti ní ọkọ̀ náà kúrú jù, ẹnì kejì ti ní kò ní sí irú rẹ̀ mọ́ láyé, àwọn méjèèjì sì ti bá ara wọn bínú débi tí wọn kò kí ara wọn mọ́, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sí, tí kò sì ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ nígbà tí wọ́n bá jókòó sí i.

Ẹ wò wọ́n lórí ìlà. Ẹ ó fi tí-ṣẹ́ẹ̀tì dá wọn mọ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ wọ ti ọgbà tó bá wà. Bó bá wà ní Missouri, ti Bẹ́ljíọ̀mù tàbí ti Jámánì ni yóò wọ̀, kí aráyé lè mọ ibi tó rìn dé. Síípù wà lẹ́nu àpò ṣòkòtò rẹ̀ kí fóònù má baà fò jáde. Bí ìyá kan níwájú rẹ̀ bá ń tu ọmọ nínú pé, “Má bẹ̀rù, kò ní pẹ́ tán,” yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọmọ náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ibi tí ìdí rẹ̀ yóò ti kúrò lórí àga, bí kò ṣe yẹ kó di irin mú, àti ìdí tí ìjókòó ẹ̀yìn fi lọ́lá ju ti iwájú lọ. GP ni wọ́n ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn, ìyẹn aráàlú lásán tí kò mọ̀ràn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì aráàlú lásán yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀ olówó gọbọi dúró, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ létí ẹni tó ń dájọ́ lọ́wọ́?

Ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń pòòyì gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣe Time Traveler fi òòfà ṣe ìjánu fún yíyí rẹ̀, kó má baà yí kọjá ohun tí ọ̀fun ọmọ èèyàn lè gbà mọ́ra. Òòfà yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní ìjánu ti ba ọkọ̀ jẹ́, pé kò yí tó rárá. Àwọn kan ní yíyí rẹ̀ pọ̀ débi tí kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn ìdorí-kodò dáadáa. Àwọn kẹta, tí n kò mọ bí a ṣe ń bá wọn jiyàn, ní ẹni tó gùn ún láàárọ̀ kò tíì gùn ún, pé ó di alẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti gbóná, kó tó ṣe bó ti yẹ. Nínú gbogbo wọn, ẹ kò ní rí ẹyọ ẹnì kan tí yóò jẹ́wọ́ pé òòyì kọ́ òun. Wọ́n dà bí ẹni tó bẹ eégún pé kó wá lé òun, tí eégún wá nà án tán, tó wá ń bá a jiyàn pé pàṣán tó mú dání kò tó ti eégún àdúgbò kejì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tiwọn. Ọdún 2004 ni ọgbà Chessington ṣí Dragon’s Fury, tí Alton Towers náà ṣí Spinball Whizzer, ilé iṣẹ́ Maurer Söhne ti Jámánì ló sì ṣe méjèèjì. Ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́rin ni tiwọn náà, bí àwọn tó jókòó bá sì wúwo ní apá kan ju apá kejì lọ, yíyí rẹ̀ máa ń le sí i ní kọ̀rọ̀. Ẹ wá wo àwọn ọ̀mọ̀wé yìí lẹ́nu ibi ìwọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ojú wọn ara wọn: wọ́n á ní kí àwọn méjì tó tóbi jù jókòó sí apá kan, wọ́n á wá ọkùnrin tín-ín-rín méjì sí apá kejì, òṣìṣẹ́ tó yẹ kó ti irin dè wọ́n nítan á dúró máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ àyè. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ láti ọdún yìí wá pé kó dín búrẹ́dì kù á wá di ẹni àpọ́nlé lójijì, ẹni tí àwọn ikọ̀ mẹ́ta ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kí n sòótọ́, èyí nìkan ni mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Tuntun tí wọ́n sì ń pariwo yìí, àtijọ́ ni. Ọdún 1908 ni Henry Riehl ti gbé Virginia Reel kalẹ̀ ní ọgbà Luna Park ní Coney Island, ìlú New York, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó yíká nínú ọkọ̀ rìbìtì, tí ọkọ̀ sì ń pòòyì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlú Blackpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ láti 1922 títí di 1982. Bí ẹ bá sọ èyí fún adájọ́ wa, kò ní tijú, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀; ohun tí yóò ṣe ni pé yóò kẹ́dùn ọkọ̀ tí wọ́n ti wó kí wọ́n tó bí i, yóò sì sọ fún yín pé ọkọ̀ yẹn nìkan ló yí dáadáa.

Ìfẹ́ wọn kì í sì í pẹ́ lójú kan. Nígbà tí Time Traveler jáde, wọ́n ní òun ló ga jù, tó sì yára jù nínú àwọn tó ń pòòyì, ọ̀pọ̀ sì búra pé àwọn ti rí òpin ìrìn àjò àwọn. Lọ́dún 2021 ni ọgbà Plopsaland ní De Panne, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣí The Ride to Happiness. Ilé iṣẹ́ Mack kan náà ló ṣe é, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 33, ó sì ń dorí kodò lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, èyí tó wà ní Branson ti di ọkọ̀ ìyá àgbà.

Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ fi èyíkéyìí sílẹ̀ láìgùn, nítorí credit. Roller coaster kan, credit kan, wọn a sì máa kà á bí ẹni ń ka owó èsúsú. Ti ọmọdé náà wà nínú rẹ̀, títí kan ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé tó ní ojú kòkòrò tó ń yí igi kan ṣoṣo po. Àmọ́ àwọn ọgbà kan kì í jẹ́ kí àgbàlagbà gun irú rẹ̀ láìmú ọmọ dání. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ti gun ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ káàkiri ayé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọmọ yín di ọ̀la.” Ọmọ náà sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ọkọ̀ fi dúró. Ẹni tó yá a, lójú ẹsẹ̀ ló yọ ìwé jáde, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yí tó.