Èsì wa: irúgbìn àgbàdo aládùn tó hunjọ kò bàjẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o, mà. A ti ka ohun tí ẹ kọ: pé nínú hóró 20 tí ẹ gbìn sẹ́yìn ilé yín n'Íbàdàn, 6 péré ló hù, pé gbogbo rẹ̀ ti hunjọ láti inú ọ̀rá, àfi bí ẹni pé irúgbìn ọlọ́jọ́ pípẹ́ la tà fún yín. Ẹ má bínú, mà. A ó fi ọ̀rá mìíràn ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti híhunjọ yẹn, bí irúgbìn àgbàdo aládùn ṣe ń rí nìyẹn tó bá ti gbẹ. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń di ògì nínú àgbàdo tiwa kò tó nǹkan níbẹ̀. Oúnjẹ tí ọmọ inú hóró máa jẹ kó tó yọrí kéré, kì í lè fara da ìyà.

Ẹ ní ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú bí ìyá yín ṣe máa ń ṣe. Àgbàdo ìyá yín á gbà á. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo bu 20 nínú àpò kan náà, mo rẹ 10 mọ́jú, mo gbin 10 ní gbígbẹ. Lọ́jọ́ keje, 8 ti hù nínú àwọn gbígbẹ, 3 nínú èyí tí mo rẹ. Mo hú ọ̀kan tí kò hù jáde. Bí mo ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́ ló fọ́, omi funfun dà jáde, ó ń rùn bí omi ògì tó ti kan jù.

Ẹ̀bi wa ni pé a ò kọ ọ́ sára ọ̀rá pé kí ẹ má rẹ ẹ́. Yóò wà lára ti tuntun.

Tó bá dé, ẹ gbìn ín ní gbígbẹ, kó má jìn ju oríkèé ìka kan lọ. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹ má bomi sí i mọ́ títí yóò fi yọrí. Ẹrẹ̀ ló ń pa á. Ẹ má sì tò ó sí ìlà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́. Ìlà kúkúrú mẹ́rin tó sún mọ́ra ló dáa, torí atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ sórí irun, irun kọ̀ọ̀kan ló sì ní hóró tirẹ̀. Irun tí lẹ́búlẹ́bú ò bá kàn, àlàfo ló máa wà níbẹ̀ lára ṣùkù.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aládùúgbò yín gbin àgbàdo lásán sítòsí? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí tiyín fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ sí tirẹ̀, kí méjèèjì má baà yọ irun pa pọ̀, kí adùn tiyín má baà dínkù.

Ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí wa ní ìkọ̀kọ̀, mà.