Ta Ni Àgbà Tó Wà Níbẹ̀ Lóru?

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé fún sáà tuntun, ẹ ó rí àwọn ọmọ tó ń lọ gbé ọ́sítẹ́ẹ̀lì ní Tákìẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí wọn ní Òwódé l'Ọ́yọ́. Àpótí onírin lórí ọ̀kadà, fóòmù tí wọ́n ká tí wọ́n fi okùn dì, korobá tí wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ sí lára, àti ọmọ ọdún 11 tí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ka gàárì, ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wọ̀nyí kì í ṣe olówó. Àwọn mìíràn kó àjọ, àwọn mìíràn yáwó, kí ọmọ lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ mùsùlùmí. Èrò wọn ni pé ibi tí wọ́n ti ń fi àdúrà jí, tí wọ́n ń fi àdúrà sùn, aburú kan kò ní í ṣe ọmọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní lónìí. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti paná lálẹ́ títí agogo ìdájí yóò fi lù, ọmọ ló ń ṣàkóso ọmọ ní ọ̀pọ̀ ọ́sítẹ́ẹ̀lì. A fẹ́ kó dópin.

Ẹnì kan nínú àwa tí à ń kọ ìwé ìròyìn yìí gbé nírú ọ́sítẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ fún ọdún 6. Ọyẹ́ ń mú lọ́jọ́ tí kò tíì gbàgbé títí dòní. Aago 4 ìdájí kò tíì lù tí síníọ̀ fi ẹsẹ̀ ta á jí, ó ní kó lọ pọnmi. Korobá 2 ló gbé lọ, orúkọ síníọ̀ wà lára ọ̀kan, orúkọ tirẹ̀ wà lára èkejì. Ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè fa okùn kànga. Okùn náà ti tutù, ó ti le, ó ń bó o látẹ́lẹwọ́. Nígbà tó fi máa dé ọ́sítẹ́ẹ̀lì, ìdajì omi ti dà sí i lẹ́sẹ̀. Síníọ̀ wo korobá, ó wo ọmọ. Ó ní kó fi ìka kan tẹlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó wá fa pánkẹ́rẹ́ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nà án ní ẹgba 6. Kò pẹ́ tí agogo fi lù, wọ́n tò lọ síbi àdúrà òwúrọ̀. Síníọ̀ yẹn náà ló dárin, òun náà ló ka Bíbélì. Ọmọ yìí kò gbọ́ ohun tó kà. Ọwọ́ tó di Bíbélì mú ló ń wò.

Síníọ̀ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ ọdún 17 ni, ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó wà ní JSS 1 ló ń ṣe fún ẹlòmíràn. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kò sí lọ́jà lóru ọjọ́ náà ni.

Ìlú méjèèjì yìí kì í ṣe àlejò nídìí ẹ̀kọ́ ìjọ. Ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi, dé Ogbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1896 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́yọ́, ọdún 1898 sì ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Láyé ìgbà náà, ó wọ́pọ̀ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ máa gbé inú ọgbà míṣọ́nì kan náà. Bí inú bá ń run ọmọ lóru, ó mọ fèrèsé tí òun yóò kàn. Fèrèsé yẹn là ń bèèrè.

Torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgba nìkan. Ẹ ronú nípa ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Òtútù àti omi tútù lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òru sì ni òtútù ń mú jù. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó láago 2 òru, ta ni yóò jí? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe é. Pírífẹ́ẹ̀tì lè rò pé iṣẹ́ àárọ̀ ló ń sá fún. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ géètì sì ti lọ sílé. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń há, tó ń jà fún èémí, kò lè dúró de agogo àdúrà.

Àwọn tó ti jáde máa ń sọ pé ìyà yẹn ló sọ àwọn dèèyàn. A kò ní bá wọn jiyàn lórí ohun tójú àwọn fúnra wọn rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìbẹ̀rù mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ọ́lé ní ọmọ ọdún 12, tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ dórí pé bàbá rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ lọ, kì í wá síbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde láti sọ tirẹ̀. Òfin pàápàá kò sí lẹ́yìn àṣà yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, kò fàyè gba ìyà tó ń tàbùkù ọmọ.

Àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní owó kò sí. Níbòmíràn, mátíróònù wà lórúkọ, àmọ́ tó bá ti di aago 9 alẹ́, ó ti lọ bá àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé. A kò dá a lẹ́bi, owó tí wọ́n ń san fún un kò tó ra oorun rẹ̀. Ìjọ tó lágbára láti kọ́ ilé ìsìn tuntun sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lágbára láti san owó oṣù gidi fún àgbà kan nínú ọ́sítẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, obìnrin lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ọkùnrin lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, tí ẹlòmíràn yóò máa gbà fún wọn lálẹ́ tí wọ́n bá sinmi. Kí ẹ wádìí ìwà wọn dáadáa kí ẹ tó gbà wọ́n, torí ìkookò náà lè wọ awọ àgùntàn. Kí pírífẹ́ẹ̀tì máa lu agogo, kó máa darí àwọn tó ń gbálẹ̀, kó máa dárin. Ṣùgbọ́n ẹ gba pánkẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí sáà yìí má parí bá a.

Àwọn aláyẹ̀wò láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ n'Ìbàdàn máa ń wá lójú ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá ti gé koríko, tí wọ́n ti kun ògiri. Kí wọ́n wá láago 10 alẹ́, láìfi létí.

Ẹ̀yin òbí náà, ọjọ́ ìbẹ̀wò ń bọ̀. Ẹ ó gbé kúlà ìrẹsì àti adìyẹ dání, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé yàrá tí àgbà ń sùn nínú ọ́sítẹ́ẹ̀lì ọmọ yín. Ẹ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, bóyá bàtà ẹnì kan wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá bi ọmọ yín léèrè orúkọ ẹni tó ni bàtà náà.