Ta ni onígbọ̀wọ́ ìwé yín?

N kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ gígùn síbí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé ni nǹkan kan ti há mi lọ́fun, bí n kò bá sọ ọ́, n kò ní lè sùn.

Ìsọmọlórúkọ la lọ, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin. A ti jẹ, a ti mu, àlùfáà ti gba sàráà tirẹ̀ lọ. Ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bá bi àbúrò mi obìnrin léèrè ohun tó ń ṣe báyìí. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní òun ń wá ilé-ẹ̀kọ́ tí òun ti lè ṣe licence, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní yunifásítì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Ìwé orí bẹ́ẹ̀dì! Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì náà ni wọ́n á ti gbà ọ́ síṣẹ́?" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i tó ń fi èékánná ya ewé àkàsà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, títí kò fi sí ohun tó kù láti ya.

N kò lè dá bàbá lóhùn. Ta ni mí? Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Orí Facebook ni mo ti ń dá wọn lóhùn báyìí, nítorí mo mọ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hàn wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ọjà Wàndó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe: fọ́tòkópì, ìwé títẹ̀, fífi rọ́bà bo káàdì, títo dósíè fún àwọn tó ń lọ kọǹkúù, ìdánwò àtiwọ iṣẹ́ ìjọba. Ìwé-ẹ̀rí oríṣiríṣi ló ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwé yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ohun tí bàbá ń sọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní ògiri, tó ní géètì àti gáàdì, òun nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ògiri. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan kọ ọ́ jáde bí òun ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, tí òun sì fi wọ NYSC, ètò ìsìnlú àwọn tó jáde yunifásítì ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ẹ rántí ohun tó tẹ̀lé e. Ọdún tuntun kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìjọba Nàìjíríà fi ní àwọn kò yẹ ìwé-ẹ̀rí Benin àti ti Togo wò mọ́ ná. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2024 yẹn, Tahir Mamman tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn nígbà náà sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó gba ayédèrú ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ àwa àti Togo ju 22,700 lọ.

Ta ló jìyà ọ̀rọ̀ yìí? Mo ní oníbàárà kan, ọmọ Sákétẹ́, tó lo ọdún mẹ́ta gbáko ní yunifásítì Abomey-Calavi, tí à ń pè ní Kàláfì, tó ń jí lọ amfí, gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè rí àyè jókòó. Licence rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọkọ rẹ̀ wà ní Èkó, ibi iṣẹ́ tó sì rí níbẹ̀ ní kó lọ mú lẹ́tà ìyẹ̀wò wá láti Àbújá. Àbújá kò wo ìwé wa lásìkò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá ṣe fọ́tòkópì ìwé kan ṣoṣo yìí lọ́dọ̀ mi. Ó ní bóyá bó bá mọ́lẹ̀ jù báyìí lọ wọ́n á gbà á. Mo fi kún íǹkì lẹ́ẹ̀kẹrin, n kò gba owó rẹ̀. Ẹ bá mi bi bàbá bóyá ògiri Kàláfì ràn án lọ́wọ́.

Nelson Mandela náà ńkọ́? Ọdún 1989 ló gba LLB, ìwé-ẹ̀rí òfin, lọ́wọ́ UNISA, yunifásítì Gúúsù Áfíríkà tó ti ń fi lẹ́tà kọ́ èèyàn láti ọ̀nà jíjìn kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ẹ̀wọ̀n ni Mandela wà lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀wọ̀n ńkọ́, bàbá?

Àbúrò mi kò sì yan íntánẹ́ẹ̀tì torí ọ̀lẹ. Kétu ló ń gbé. Láti Kétu dé Kàláfì ju 100 kìlómítà lọ, ó ní ọmọ méjì, èyí àbíkẹ́yìn kò tíì já lẹ́nu ọmú. Akọ̀wé ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan, òun ló ń kọ orúkọ aláìsàn, òun ló ń gbowó, òun náà ló ń ṣírò oògùn tó kù nílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé bó bá ní licence nínú ìṣírò owó, òun á gbé e ga. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń dilẹ̀. Yunifásítì wo ló ń ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́?

Àmọ́ irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní ẹ̀rín bàbá nìkan ló dùn mí. Ó dùn mí torí pé ọwọ́ èmi náà kò mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo bá a wá ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. N kò ní dárúkọ wọn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn, àwòrán ilé oníbíríkì pupa tí koríko tútù yí ká, licence ní oṣù mẹ́wàá, wọ́n tún ní bó bá ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn á dín in kù sí oṣù mẹ́fà. Ìyẹn nìkan tó ohun tó yẹ kó lé mi sá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá ni òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà kan wà, wọ́n ní àjọ àgbáyé kan ti fọwọ́ sí àwọn. Mo rí òǹtẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Èmi tí mò ń tẹ òǹtẹ̀ fún ará ìlú! A fi MoMo san 85,000 sẹ́fà fún aṣojú wọn: 50,000 lápò mi, 35,000 nínú èsúsú tó kó lóṣù yẹn.

Ó kàwé, ẹ má rò pé kò kàwé. Wọ́n fi fídíò díẹ̀ ránṣẹ́, ó wò wọ́n, ó kọ wọ́n sínú ìwé ajákọ. Nígbà tó tó àkókò láti fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sínú dósíè, ọ̀gbẹ́ni tó ń gba dósíè wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó, ó ní, "Madame, ìjọba orílẹ̀-èdè wo ló mọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí?" Kò pariwo mọ́ ọn o. Ó kàn bi í ni. Àbúrò mi pè mí láti ojú ọ̀nà, mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀, n kò gbọ́ ohùn tirẹ̀ dáadáa.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó fọwọ́ tẹ òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà yẹn. Ó gbé mi lọ sí ojú ìwé àjọ náà. Ó rẹwà, àsíá orílẹ̀-èdè kún ibẹ̀. Mo ní kí n pè wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà wọn sórí fóònù mi. N kò tíì tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì tí orúkọ fi yọ jáde, torí pé nọ́ńbà náà ti wà nínú fóònù mi tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ ní kó mú onígbọ̀wọ́ wá. Ó jáde, ó dé fìlà mìíràn, ó wọlé padà, ó ní òun ni onígbọ̀wọ́ ara òun. Ṣé ẹ máa ka owó fún un? Èmi kà á o.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwa nìkan la gọ̀. Àṣé ọjọ́ ti pẹ́ tí ayé ti ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 2015 ni New York Times tú àṣírí iléeṣẹ́ Axact ní Karachi, nílẹ̀ Pakistan: ojú ìwé ayédèrú tí wọ́n ká mọ́ wọn lọ́wọ́ lé ní 300, yunifásítì wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama wà níbẹ̀, àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ kan náà ló ni gbogbo rẹ̀. Owó òyìnbó pàápàá bá a lọ.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi àwọn tó bá gbé ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì wá: ta ni onígbọ̀wọ́ ìwé yín, ta sì ni onígbọ̀wọ́ onígbọ̀wọ́ náà? Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìjọba gan-an ló ń yẹ yunifásítì wò. Àwọn àjọ aládàáni ló ń ṣe é, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àti àjọ CHEA ló sì ń sọ èyí tí àwọn mọ̀ nínú wọn. Àkọsílẹ̀ wọn wà ní gbangba, orúkọ lẹ máa tẹ̀, ẹ ó rí i tàbí kí ẹ má rí i. University of the People, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, kò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kankan, síbẹ̀ àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún 2014. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, mo ti borí bàbá. Àmọ́ onígbọ̀wọ́ Amẹ́ríkà kì í ṣe onígbọ̀wọ́ Kétu. Níbí, ìwé òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ìbáradọ́gba ìwé-ẹ̀rí kọjá kó tó wọ iṣẹ́ ìjọba. CAMES, àjọ ẹ̀kọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Ouagadougou, òun náà ní ìwé-ẹ̀rí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Àní ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni tó wà ní ìlú wa, tó ní ògiri, bí ìjọba kò bá tíì fún un láṣẹ láti fi dípúlómà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ jókòó ṣe ìdánwò ìjọba fún licence àti master. Ẹ wá wo NOUN lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yunifásítì tó ń kọ́ èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ló ni ín. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983, ológun tì í lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbé e dìde ní bí ogún ọdún sí i. Onígbọ̀wọ́ wo ló tún ju ìjọba lọ? Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ka òfin níbẹ̀ jáde ń kan ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, wọn kò ṣí i fún wọn. Ẹni tó ń gbọ́wọ́ fún ọ lè wà nílé kí aládùúgbò rẹ̀ má mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá àbúrò mi ní tirẹ̀ kò bìkítà fún CAMES, ìwé kan ló fẹ́ gbé kọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ti dàgbà. Ta ló mọ ẹni tó máa gba ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí onítọ̀hún máa bi í?

Mo ti ń kọ èyí láti àná. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú clé USB. Master ni, ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà líle. Mo wo ìsàlẹ̀: òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Ó yẹ kí n béèrè onígbọ̀wọ́. Àmọ́ ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, wọ́n ń dúró dè é níbi iṣẹ́ kan ní Kútọnu, ó ń wo agogo lemọ́lemọ́. Ó lè jẹ́ pé ọdún méjì ló fi jókòó níwájú kọ̀ǹpútà lóròòru. Ó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́fà àti MoMo. Kò hàn lójú ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní ṣé wúrà yẹn kò lè dán jù báyìí lọ. Mo ní ẹ̀rọ mi kò ní wúrà, àwọ̀ ìyeyè ló ní. Ó san 500 sẹ́fà, ó sáré bọ́ sórí zẹ́mì.

Àbúrò mi pè lálẹ́. Ó ti rí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ó ti fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní ọjọ́ karùndínlógún ni wọ́n ń ti ìforúkọsílẹ̀. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀, nọ́ńbà àwọn àti ti onígbọ̀wọ́ wọn kò jọra. N kò tíì sọ fún un pé kó sanwó.